Èsì wa sí àròyé lórí ìyípadà OBJ sí STL àti OFF

Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ẹ rí kí ẹ tó fún ètò wa, tó ń yí fáìlì àwòrán 3D padà láti irú kan sí òmíràn (bíi OBJ, STL àti OFF), ní ìràwọ̀ méjì. Ẹ ní ẹ fi OBJ ya àpótí aláwọ̀ kan tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjì, ẹ yí i padà sí STL, ẹ sì tún dá a padà sí OBJ. Àwọ̀ rẹ̀ pòórá, igun mẹ́jọ rẹ̀ di 36, ètò ìtẹ̀wé 3D yín sì fi hàn bí ohun tí kò tó èékánná. Ẹ tún ní nọ́ńbà inú OFF kò bá ti OBJ mu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣètò àwọn irú fáìlì wọ̀nyí ló fà á, kì í ṣe ètò tó ń yí wọn padà.

Ní ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ 3D Systems gbé STL jáde fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé 3D, ohun tí ó sì ń gbé kò ju ìrísí ìta ohun tí a fẹ́ tẹ̀ lọ, tí a ti gé sí onígun mẹ́ta kéékèèké. Nítorí náà, ojú mẹ́fà àpótí yín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ onígun mẹ́rin, pín sí onígun mẹ́ta 12. STL kò sì ní ọ̀nà kankan láti sọ pé onígun mẹ́ta méjì tó fara kanra jọ ń lo igun kan náà, ó ní láti tún ipò igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni 36 yín ti wá. Bí a bá yọ ìlà àwọ̀ kúrò, ìlà 14 péré ni àpótí yìí gbà nínú OBJ. Nínú STL alákọsílẹ̀, ìyẹn èyí tí a fi ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà kọ, 86 ni. Bí ẹ bá ń ti STL bọ̀, ẹ fi àmì sí “Pa igun tó bára mu pọ̀” nínú ètò wa, igun yóò sì padà sí mẹ́jọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onígun mẹ́ta 12 náà yóò ṣì wà. A mọ̀ọ́mọ̀ má jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni, nítorí àwọn kan ní iṣẹ́ tí àlàfo inú rẹ̀ tín-ín-rín, wọn kò sì fẹ́ kí á dí i láìbéèrè.

Ní ti àwọ̀, OBJ gan-an kì í sábà gbé e sínú: ìlà mtllib ń dárúkọ fáìlì MTL tí àwọ̀ wà, usemtl sì ń sọ èyí tí àwọn ojú tó tẹ̀lé e yóò lò. STL alákọsílẹ̀ kò ní àyè fún èyíkéyìí nínú wọn. PLY, irú fáìlì 3D mìíràn tó ti Yunifásítì Stanford jáde, ni kí ẹ yàn, nítorí ó lè kọ àwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igun tàbí ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà 0 sí 255. OBJ àti MTL tí ẹ kọ́kọ́ ní ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí méjèèjì wà nínú fódà kan náà. Ní tiwa, a gbà pé STL dára fún títẹ̀, a kì í sì í fi iṣẹ́ pamọ́ sínú rẹ̀.

Ní ti bí àpótí yín ṣe kéré, nọ́ńbà lásán ni STL ń kọ, kì í sọ bóyá íǹṣì ni tàbí mìlímítà, mìlímítà sì ni ọ̀pọ̀ ètò ìtẹ̀wé ń kà á sí. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, nítorí náà ẹ kọ 25.4 sí àyè “Sọ di púpọ̀ ní ìlọ́po” nínú ètò wa.

Ní ti OFF, láti 0 ni ó ti ń ka igun, nígbà tí OBJ ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ìlà OBJ “f 1 2 3 4”, tó ń dárúkọ àwọn igun ojú kan, gbọ́dọ̀ di “4 0 1 2 3” nínú OFF, tí 4 àkọ́kọ́ ń sọ iye igun ojú náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ fi ọ̀kan kún un, nítorí 0 sí 7 ni igun mẹ́jọ àpótí yín ń jẹ́ níbẹ̀, fáìlì náà yóò sì máa wá igun 8 tí kò sí.