Kí ló kan ìwé ìròyìn nínú orúkọ tí mo fẹ́ máa jẹ́?

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà lábẹ́ òfin, yálà ó jẹ́ transgender (ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin tàbí obìnrin lọ́nà tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i) tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ìjọba sọ ọ́ di dandan fún un láti lọ kéde ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba ni mo ní lọ́kàn jù, nítorí pé òfin ibẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ti ilé sì ń fà wọ́n padà lẹ́yìn.

Ní England àti Wales, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 lè fi ìwé tí wọ́n ń pè ní deed poll yí orúkọ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sí dókítà. Yóò kọ ọ́ pé òun ti pa orúkọ àtijọ́ tì, pé tuntun ni òun yóò máa jẹ́ nínú ohun gbogbo, yóò fi orúkọ méjèèjì buwọ́ lù ú, àwọn ẹlẹ́rìí méjì yóò sì buwọ́ lù ú pẹ̀lú. Ẹni tó bá wù lè lọ fi ìwé náà sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga ní London, kó san owó tó lé díẹ̀ ní 50 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jáde nínú Gazette, ìwé ìkéde ìjọba tí gbogbo ènìyàn lè kà, èmi kò sì rí ohun tí transgender kan ń wá lọ síbẹ̀ bí kò bá pọn dandan. Àwọn ènìyàn a máa da èyí pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí Gender Recognition Certificate, tí òfin fi ń gbà pé transgender jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bó ṣe mọ ara rẹ̀, èyí tí òfin ọdún 2004 dá sílẹ̀, tí owó rẹ̀ já láti 140 pọ́n-ùn sí 5 pọ́n-ùn ní 2021. Ìyẹn ni ti ìwé ọjọ́ ìbí, ìyẹn ló sì ń béèrè ìwé dókítà. Orúkọ kò dúró dè é.

Ibi tí wàhálà wà ni páásípọ́ọ̀tù. Ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, ń kọ sínú ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ẹni tó ti gba ti ìlú méjèèjì náà, wọn a fẹ́ kí orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù méjèèjì bára mu. Bí wọ́n tilẹ̀ ń yọ̀ǹda fún àwọn kan, òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò jókòó máa ṣàlàyé ayé ara rẹ̀ fún. Kí páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà sì tó yí padà, orúkọ tó wà lórí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ní láti yí padà; kí ìyẹn tó yí padà, àfi kí èèyàn búra nílé ẹjọ́, kó sì gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ̀yin náà mọ ìkéde yìí: “Èmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá tẹ́lẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Omidan Tàmẹ̀dù láti òní lọ. Gbogbo ìwé mi àtijọ́ ṣì wúlò. Kí gbogbo ará ìlú kíyè sí i.” Ojú ewé kan náà ni àwọn ìyàwó tuntun tó gba orúkọ ọkọ wọn kún bámúbámú, tí ẹnikẹ́ni kì í wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n “Ọ̀gbẹ́ni” tó di “Omidan” yóò di fọ́tò lórí WhatsApp kó tó di ọ̀sán, yóò sì dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó nílé ṣáájú kí ọmọ rẹ̀ tó rí ẹnu sọ ọ́. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 dá lórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, kò dárúkọ transgender, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dá ará àdúgbò rẹ̀ lóró kì í ṣí ìwé òfin kó tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní nítorí gbájúẹ̀ àti ajigbèsè ni ìkéde fi wà. Ó mọ́gbọ́n dání nígbà kan. Lónìí, báńkì ní BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà wọn, láti ọdún 2014, ìjọba ní NIN, ìka ọwọ́ àti ojú èèyàn sì wà lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn kì í yí padà nítorí pé orúkọ yí padà. Kò sí báńkì tó ń jókòó ka ojú ewé yẹn láti fi wá ajigbèsè.

Àwọn àgbà yóò sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n àwa Yorùbá kò tíì fìgbà kan dẹ́kun yíyí orúkọ padà. David Brown Vincent, àlùfáà Onítẹ̀bọmi, pa orúkọ yẹn tì ní 1894, ó di Mojọlá Agbebi. Mélòó ni Fágbèmí tó ti di Olúgbèmí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí bàbá Fágbèmí sì bínú títí tí kò sí ẹni tó dáhùn? Púpọ̀ nínú orúkọ wa ni tọkùnrin tobìnrin ń jẹ́ tẹ́lẹ̀; Tèmítọ́pẹ́ tàbí Ayọ̀délé lè máà nílò ju kó yọ orúkọ ìsàmì kúrò. Babátúndé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le.

Ìpínlẹ̀ New York fagi lé ìkéde yìí fún gbogbo ènìyàn nínú òfin tí wọ́n ṣe ní 2021. Àjọ tó ń bójú tó NIN náà lè gba ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ nìkan, kí wọ́n kọ orúkọ àtijọ́ àti tuntun sínú àkọsílẹ̀ tiwọn, kí wọ́n sì yọ ìwé ìròyìn kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè. Ìyàwó tuntun yóò jẹ níbẹ̀, Olúgbèmí náà yóò jẹ níbẹ̀, owó ìkéde yóò sì kù sí àpò olúkúlùkù.