Àdúgbò olówó kọ́ ló ń kọ́ ọmọ: ọ̀rọ̀ fún àwa òbí tó wà ní Àbújá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá tó wà ní Àbújá ti gbà gbọ́ débi pé ẹnikẹ́ni kì í jiyàn lé e lórí mọ́: pé bí àdúgbò bá ṣe lówó tó ni ilé-ìwé ibẹ̀ ṣe dára tó. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń kàwé ní Maitama tàbí Asokoro ti bọ́ sójú ọ̀nà, èyí tó bá wà ní Nyanya tàbí Kubwa, kí òbí rẹ̀ máa gbàdúrà. Torí ìgbàgbọ́ yìí ni ìyá tó ń gbé Mararaba ṣe ń jí ọmọ ọdún méje ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, kí wọ́n lè ṣáájú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Nyanya. Ọmọ á sùn lọ nínú ọkọ̀, á tún sùn bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí owó ti ń wá. Ní Amẹ́ríkà, owó orí ilé tí àwọn ará àdúgbò ń san wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé ìjọba tó wà níbẹ̀, torí náà àdúgbò olówó lè ní ilé-ìwé tó rí owó ná. Tiwa yàtọ̀. Láti ìgbà tí òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti jáde ní 2004, ó kéré tán 2% owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ ni òfin ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ní Àbújá, ọrùn Area Council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, ni owó oṣù tíṣà LEA, ilé-ìwé pírámárì ìjọba, wà. Àwọn ilé ńláńlá Maitama kò ní kí owó pọ̀ sí i ní LEA tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn tíṣà LEA yanṣẹ́ lódì ní 2025 fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta nítorí owó oṣù tó kéré jù lọ tuntun, 70,000 náírà, ti Garki náà dúró bí ti Kuje ṣe dúró.

Ẹ tún lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà LEA kan ní Wuse nígbà tí wọ́n bá jáde lọ́sàn-án. Ọmọ mẹ́gádì, ọmọ dírẹ́bà, ọmọ àwọn tó ń gbé bọ́yìsì kọ́tà lẹ máa rí, àti àwọn tó ti Mpape wá. Àwọn tó ni àdúgbò ti kó ọmọ tiwọn lọ sí ilé-ìwé aládàáni.

Ti aládàáni yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Owó tí ẹ ń san ní àárín ìlú, ilé àti ilẹ̀ ló ń gbé púpọ̀ lára rẹ̀, lẹ́yìn náà díísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, bọ́ọ̀sì, odò ìwẹ̀ àti ọ̀dà ara ògiri. Ta wá ni tíṣà ibẹ̀? Owó oṣù rẹ̀ kò lè gba yàrá kan ní Maitama. Masaka tàbí Mararaba ni òun náà ń gbé, òun àti ọmọ yín ni wọ́n jọ ń há sójú ọ̀nà kan náà láràárọ̀. Bí ilé-ìwé kan nítòsí ilé yín bá rí owó gidi san fún un, kò ní rìn jìnnà bẹ́ẹ̀.

Mo ti ṣí ìwé ìṣirò ọmọ kan tó wà ní irú ilé-ìwé olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ wò. Ó kọ 1/2 + 1/3 = 2/5. Tíṣà fi bírò pupa mákì í pé ó gbà á, ó sì kọ “Good” sísàlẹ̀. Mo ṣí ojú ewé kejì, àṣìṣe kan náà, “Good” kan náà. Ọmọ aládùúgbò mi kan ní Kubwa, LEA ló ń lọ. Òun náà ṣi irú ìṣirò yìí ṣe, ṣùgbọ́n tíṣà rẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ 3/6 + 2/6 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí bó ṣe yẹ kó rí, ó sì ní kó lọ ṣe márùn-ún mìíràn wá. Ìlànà ìjọba ní kí ọmọ má ju 35 lọ lọ́wọ́ tíṣà kan ní pírámárì. Iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ tíṣà Kubwa yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ ó ní, àbájáde WAEC wọn ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó máa ń dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ìwé nílé, tó ní iná, tó jẹun yó, tí tíṣà lẹ́sìnnì ń wá kọ́ nílé nírọ̀lẹ́, tí wọ́n sì tún fi ìdánwò ìwọlé ṣà lẹ́ṣà, èwo nínú rẹ̀ ni ilé-ìwé ṣe? Ní 1966, ìwádìí tí James Coleman darí ní Amẹ́ríkà, lórí ọmọ tó ju ìdajì mílíọ̀nù lọ, fi hàn pé ilé tí ọmọ ti wá ló ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà nínú máàkì ju owó tí ilé-ìwé ń ná lọ. Ohun tó yẹ ká wọ̀n ni ibi tí ọmọ wà nígbà tó wọlé àti ibi tó dé nígbà tó jáde.

Mi ò sọ pé ibi tí ilé-ìwé wà kò já mọ́ nǹkan kan. Ní àwọn abúlé Abaji àti Kwali, ó ń dun àwọn ọmọ gan-an, torí tíṣà kì í fẹ́ gba ìgbélọ sí ibi tí kò sí ọ̀nà. Tíṣà náà ni gbòǹgbò rẹ̀. Ní 2017, ìjọba Nasir El-Rufai ní Kàdúná fún tíṣà pírámárì bí 33,000 ní ìdánwò ọmọ pírámárì kẹrin, ìjọba sì kéde pé 21,780 kò gba 75%. Kò sí ọ̀dà ògiri tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀ fún ọmọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwa òbí tí a lè lọ sí ìpàdé PTA, tí a lè kọ̀wé, tí a lè béèrè owó tí wọ́n ná, àwa náà la ń kó ọmọ wa kúrò ládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù síbẹ̀ kò ní ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó san owó táàmù tó ń bọ̀, ẹ béèrè iye tíṣà tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ ka orí ọmọ inú kíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé iṣẹ́ ọmọ mẹ́ta hàn yín, èyí tí wọn kò ṣà jáde tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì wo bí tíṣà ṣe mákì í. Ẹ wo LEA àti ilé-ìwé aládàáni kékeré tó wà nítòsí yín bákan náà. Ilé-ìwé tó bá kọ̀ láti fi ìwé iṣẹ́ hàn yín, ẹ máa wá òmíràn lọ, ì báà wà ní Asokoro.