Òkun Kì Í Gba Owó Ìwọlé

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé nítòsí òkun: mi ò tíì rí ibi ìgbafẹ́ olówó ńlá kankan tó tó etíkun fún ìdílé tó ní ọmọ kékeré. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé àwọn ò rówó kó ọmọ jáde lópin ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkun wà nítòsí wọn. Ó máa ń dùn mí, torí ohun tí òkun ń béèrè ò ju pé kí a mọ ìgbà tó yẹ ká lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wa kì í bìkítà fún. A ó lọ lọ́sàn-án gangan, oòrùn á máa jó wa, omi á ti kún dé òkè, àyè ìrìn á ti tán. A ó ya fọ́tò, a ó padà sílé, a ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ etíkun ayé, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà. Láti ìgbà tó bá kún dé ìgbà tó bá fà tán máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 6. Lọ́jọ́ kejì, yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ, torí òṣùpá ló ń darí rẹ̀. Nígbà tí òṣùpá bá kún, àti nígbà tí oṣù tuntun bá lé, omi máa ń fà jìnnà ju bó ṣe ń ṣe láwọn ọjọ́ yòókù. Àtẹ àkókò yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ etíkun. Ẹ wò ó kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ sì débẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú kí omi tó fà tán.

Níbi tí àpáta bá wà, omi tó fà yẹn á fi adágún kéékèèké sílẹ̀. Ẹja tí kò tó ìka, akàn, ìgbín òkun àti ewéko òkun ló máa ń wà nínú wọn, tí wọ́n ń dúró de omi tó ń bọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: èmi ni mo máa ń wo aago àti ìgbì, àwọn ọmọ mi ló máa ń rí ohun tó sá pamọ́ sí kọ́lọ́fín àpáta. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni akàn kan tí ìdí rẹ̀ rọ̀, tó jẹ́ pé inú ìkarahun tí ìgbín ti kú kúrò nínú rẹ̀ ló ń gbé. Bó bá ti ń dàgbà, yóò máa wá èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kíkó ìkarahun kún àpò lọ sílé. Ilé ẹni ẹlẹ́ni ni! Kí ọmọ mú un lọ́wọ́, kó wò ó, kó tò ó sórí iyanrìn, kó sì fi í sílẹ̀. Òkúta tí wọ́n bá ṣí náà, kí wọ́n dá a padà bó ṣe wà, kí oòrùn má baà pa ohun tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀.

Níbi tí kò bá sí àpáta, iyanrìn tútù wà fún ilé kíkọ́, ipasẹ̀ ẹyẹ wà tí ọmọ lè tọ̀ títí yóò fi pòórá, ọkọ̀ apẹja wà tó ń wọlé. Ọmọ tó bá béèrè ìdí tí atẹ́gùn fi ń fẹ́ láti orí òkun lọ́sàn-án, ẹ sọ fún un pé ilẹ̀ tètè máa ń gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná orí ilẹ̀ á gòkè, ti orí omi á sì wọlé wá dípò rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi mímu láti ilé, ẹ mú fìlà dání. Ó tán.

Ohun tí mi ò ní fi ṣeré ni ẹ̀mí ọmọ. Ibi tí ìgbì ò ti fọ́, tó dà bí ẹni pé ó parọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì, lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń wọ́ jáde lọ sí agbami. Ẹni tó bá kó sínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a jà. Kó léfòó, kó na ọwọ́ sókè, tàbí kó lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun títí tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọjú sí ilẹ̀. Tí àsíá pupa bá ń fẹ́, ẹ má wọ omi rárá. Ihò tí ọmọ ń gbẹ́ sínú iyanrìn náà, kó má jìn ju orúnkún rẹ̀ lọ, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ya lulẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kí àgbàlagbà kan gbé fóònù sílẹ̀, kó máa wo omi, kí ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá rẹ̀ ẹ́.

Gbogbo èyí ò ṣeé ṣe bí odi bá dí ọ̀nà, èyí ló sì ń bí mi nínú jù. Ìwé òfin tí ọba Róòmù, Justinian, gbé jáde lọ́dún 533 ti ka òkun àti etíkun mọ́ ohun àjùmọ̀ní gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Òfin Bràsíl ti ọdún 1988 náà sọ pé ti gbogbo aráàlú ni etíkun, ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún wọn láti dé ibẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2009 ló fìdí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba etíkun kọjá múlẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìpàdé ládùúgbò yín nípa ilé ìgbafẹ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sétí omi, ẹ lọ. Ẹ béèrè ibi tí ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, tí kò sì lówó lọ́wọ́, máa gbà dé orí iyanrìn, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé.