Fíìmù wọ̀nyí, ẹ jẹ́ ká pé jọ wò wọ́n

Ọ̀rọ̀ kan ti ń ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Fíìmù tí àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ṣe, pàápàá irú èyí tí kò ní ìtàn tó lórí tó nídìí, tó kàn ń fi àwòrán àti ìró dán nǹkan tuntun wò, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá wò lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì. Àárín èrò ló ti ń dùn.

Ẹ wo Barbara Hammer, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀, tó kú ní 2019. Ọdún 1974 ló ṣe fíìmù rẹ̀, Dyketactics. Ìṣẹ́jú 4 péré ni, àwòrán bí 110 ló sì rọ́ sínú rẹ̀: àwọn obìnrin níhòòhò nínú pápá, ọwọ́ tó ń fara kan koríko, ọwọ́ tó ń fara kan awọ ara, àwòrán kan ń gun orí èkejì. Kí ojú rẹ tó mọ ohun tó ń wò, ó ti lọ. Tó o bá dá a wò, wàá ní kò yé ọ, wàá sì tẹ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n jókòó sáàárín àwọn obìnrin nínú òkùnkùn, kí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lápá òsì, kí ẹlòmíràn mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Ara rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí fíìmù yẹn ń sọ.

Hammer fúnra rẹ̀ ò fẹ́ kí òǹwòran jókòó gẹlẹtẹ. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, Available Space, orí tábìlì tó ń yí ló gbé purojẹ́kítọ̀ lé, àwòrán ń rìn kúrò lára ògiri bọ́ sí òmíràn, èèyàn sì ní láti máa yí tẹ̀ lé e. Fóònù wo ló fẹ́ ṣe ìyẹn?

Àárín èrò bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Àwọn sinimá ńlá ò gbà wọ́n. Ní 1987, Sarah Schulman àti Jim Hubbard dá àjọ̀dún fíìmù irú èyí sílẹ̀ ní New York, èyí tó di MIX lẹ́yìn náà. Àkókò tí àrùn Éèdì ń pa àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́tùn-ún lósì ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀dọ́langba kan, Sadie Benning, ti yàrá rẹ̀ ní Milwaukee mọ́rí, tó ń fi kámẹ́rà ìṣeré ọmọdé tí Fisher-Price ṣe ya ojú àti ẹnu ara rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì orin lásán ni kámẹ́rà yẹn ń gbàwòrán sí. Àwòrán náà dúdú, ó funfun, ó rí págunpàgun. Ẹ fi sára ògiri kẹ́ ẹ rí i bí ẹyinjú kan ṣe ń gba gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń sọ lẹ́yìn tí fíìmù bá parí tún wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fi Nitrate Kisses hàn wá ní Brooklyn, fíìmù tí Hammer ṣe ní 1992, tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn àwọn èèyàn wa rẹ́, ìyá àgbà kan fi ọ̀pá dìde, ó ń dárúkọ àwọn ilé ọtí tí àwọn ti máa ń fara pa mọ́ jó nígbà èwe. Àwọn ọmọ kéékèèké ń kọ ọ́ sílẹ̀. Fóònù ò lè ṣe ìyẹn fún wa láé.

Mi ò bá ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn kó tó wò ó nílé jà o. Òfin 2014 ní Nàìjíríà sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló wà fún ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ìfẹ́, fíìmù Nàìjíríà nípa obìnrin méjì tó ń fẹ́ra, tí Uyaiedu Ikpe-Etim darí, tó jáde ní 2020, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e gbà. Kí ni wọn ì bá ṣe?

Àwa tá a wà níbi tá a ti lè pé jọ ni mò ń bá wí. Ẹ má jí fíìmù wò lórí lìǹkì tó ti bàjẹ́. Canyon Cinema ní San Francisco ń yáni ní irú rẹ̀, ẹ dá owó jọ, kó dé ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́. Ẹ wá gbọ̀ngàn tí àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn á lè wọ̀. Tó bá sì parí, ẹ má tíì máa kó àga, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.