Owó Títì Ní Michigan: Ẹ Má Pe Gbèsè Ní Ìdẹ̀ra

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Àwa tá à ń gbé Michigan, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, mọ ohun tí òtútù ń fi ojú títì ṣe. Omi á wọ ibi tí ọ̀dà ti sán, á dì, á fẹ̀. Tó bá tún yọ́, tírélà á gorí ẹ̀, ó di kòtò. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, àwọn tó ń tún táyà àti rímù ṣe kì í ráyè jẹun.

Lọ́dún 2019, Gómìnà Gretchen Whitmer, tó fi àtúnṣe títì polongo ìbò, ní kí ilé aṣòfin fi sẹ́ǹtì 45 kún owó orí gálọ́ọ̀nù epo kan, ní ìpele mẹ́ta. Sẹ́ǹtì 26.3 là ń san nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, tí kì í ṣe ti gómìnà, ló ni ilé aṣòfin méjèèjì, wọ́n ní rárá. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Sẹ́ǹtì 45 wúwo lọ́rùn ẹni tí ibi iṣẹ́ ẹ̀ jìnnà, àwọn ará ìlú náà sì ti kọ irú ẹ̀ lọ́dún 2015, nígbà tí wọ́n dìbò lórí àfikún owó orí ọjà nítorí títì: nínú ẹni mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ló ní àwọn ò fẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò fẹnu kò sórí nǹkan mìíràn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Oṣù kìn-ín-ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ètò ìrìnnà fọwọ́ sí yíyá bílíọ̀nù 3.5 dọ́là. Òfin ò ní kí wọ́n bi ilé aṣòfin. Owó yẹn tún àwọn òpópónà ńlá ìpínlẹ̀ ṣe lóòótọ́, èmi náà ń gba orí wọn. Àmọ́ títì àdúgbò ò sí nínú ẹ̀. Àwa la ó san gbèsè náà pẹ̀lú èlé, àwọn ọmọ tí ò tíì mọ ọkọ̀ wà á bá wa san níbẹ̀. Síbẹ̀, olóṣèlú á dìde, á ní òun ló dáàbò bo àpò yín nítorí òun ò jẹ́ kí owó orí lọ sókè. Ó ń bí mi nínú gidigidi!

Ní Nàìjíríà tí mo ti wá, lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ka lẹ́tà gómìnà, wọ́n á pariwo "bẹ́ẹ̀ ni", gbèsè ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn ilé aṣòfin kì í fi í sú mi. Kí wọ́n ṣáà jà á títí wọn ó fi rí owó.

Oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n tó rí i, lẹ́yìn tí gbèdéke ìsúná ti kọjá. Wọ́n yọ owó orí ọjà, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, kúrò lórí epo, wọ́n fi nǹkan bíi ogún sẹ́ǹtì kún owó orí epo, kí owó náà lè dúró sórí títì. Wọ́n tún bu owó orí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lé igbó (marijuana) tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń tún un tà; àwọn oníṣòwò ẹ̀ sì ti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ilé ìwé wà lára àwọn tó ń jẹ nínú owó orí ọjà tí wọ́n yọ yẹn, ìyẹn ni ẹ̀rù ń bà mí sí.

Oṣù kọkànlá 2026 la ó tún dìbò yan gómìnà àti aṣòfin. Ẹni tó bá wá kan ilẹ̀kùn mi, ohun tí mo máa bi í nìyí: nínú owó orí epo tí mò ń san, èló ló ń lọ sídìí gbèsè 2020, èló ló ń dé àdúgbò wa?