Rọ́nwéè Kan, Orí Méjì

“Rọ́nwéè kan ṣoṣo ló wà ní Alákíà, pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn, báwo ni páílọ́ọ̀tì ṣe fẹ́ ṣì í?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ń bí mi nínú gan-an. Rọ́nwéè, ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń sáré kó tó gbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ kan, orí méjì ló ní. Bí o bá gba orí tí kò yẹ, ẹ̀yìn ni atẹ́gùn ti máa fẹ́ sí ọ, bàálù á sì sáré jìnnà kó tó gbéra. Ìwé Cessna 172 là á mọ́lẹ̀: fi 10% kún ọ̀nà náà fún gbogbo knot 2 (knot ni wọ́n fi ń wọn ìyára atẹ́gùn) atẹ́gùn ẹ̀yìn. Knot 8 ti di 40% nìyẹn.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba àsìkò. Dúró níwájú ìlà yẹ́lò mẹ́rin yẹn, kí o ka nọ́ńbà funfun tó wà lára pátákó pupa síta, kí etí rẹ gbọ́ ọ. Tí o bá wọlé, tí imú bàálù dọ́gba pẹ̀lú ìlà àárín, wo kọ́ńpáàsì kí o tó tẹ iná sí i. Nọ́ńbà orí rọ́nwéè, ìwọ̀n kọ́ńpáàsì tí a yọ òdo ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò ni. Bí àpẹẹrẹ, lórí rọ́nwéè tó ń jẹ́ 18, ó yẹ kó wà nítòsí 180. Bó bá ń sọ 360, orí kejì lo wà. Kọ́ńpáàsì olómi gan-an ni mo ní o, kì í ṣe ti gyro, èyí tí páílọ́ọ̀tì ń fọwọ́ tò. Ti gyro yẹn máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tí o bá sì ti ṣì tò sínú rẹ̀ náà ló máa fi hàn ọ́.

Ẹ tún ní táwà, ibi tí wọ́n ti ń darí bàálù, wà níbẹ̀. Ní Lexington, ní Amẹ́ríkà, ní 27 oṣù kẹjọ ọdún 2006, táwà fún bàálù Comair 5191 ní rọ́nwéè 22, àwọn páílọ́ọ̀tì rẹ̀ bọ́ sórí rọ́nwéè 26. 22 lé ní mítà 2,100. 26 ò ju nǹkan bíi 1,070 lọ. Ẹni tó wà ní táwà ti kẹ́yìn sí wọn, iṣẹ́ ìwé ló ń ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn páílọ́ọ̀tì tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu pé ó ṣàjèjì pé kò síná, síbẹ̀ wọ́n ń sáré lọ. Ènìyàn 49 ló kú nínú 50. Ìwọ̀n 40 ni kọ́ńpáàsì fi yàtọ̀!

Èyí tó ń dà mí láàmú ni Èkó. Rọ́nwéè méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 18L (ti òsì) àti 18R (ti ọ̀tún), ló wà níbẹ̀, 180 sì ni kọ́ńpáàsì máa sọ lórí méjèèjì. Ní Taipei lọ́dún 2000, rọ́nwéè 05L ni wọ́n fún bàálù Singapore Airlines 006, ó gba 05R tí wọ́n ń tún ṣe, nínú òjò, lóru. Ènìyàn 83 ló bá a lọ. Pátákó, iná ilẹ̀ àti nọ́ńbà pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n kùn sójú rọ́nwéè ló kù fún irú ibẹ̀. Ohun mìíràn tí páílọ́ọ̀tì tó ti Alákíà wá lè gbójú lé bíi ti kọ́ńpáàsì, mi ò tíì rí i.