Dátà tí mo fi owó mi rà, kí ló dé tí ẹ fi ń gbà á?

Inú ń bí mi, mi ò sì ní gbé e mì. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi tún ti gba dátà mi.

Eré síkì orí òkè gíga, èyí tí wọ́n ń fi pákó gígùn tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ni mo fẹ́ràn láti máa wò lórí fóònù, pàápàá èyí tí wọ́n ń ṣe ní Verbier, ní Switzerland, lójú òkè tí wọ́n ń pè ní Bec des Rosses. Ó ga ju mítà 3,200 lọ. Kò sẹ́ni tó ń tẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Olùdíje kì í kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ wò. Ìsàlẹ̀ ni yóò ti fi awò awọ̀nàjíjìn yẹ̀ ẹ́ wò, yóò mú ọ̀nà tirẹ̀ láàárín àpáta, yóò wá gun òkè lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí!

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é gan-an kì í dájú. Atẹ́gùn máa ń gbá yìnyín jọ sínú kòtò ńláńlá tó wà lábẹ́ góńgó òkè, níbi tí òkè bá sì ti dagun tó digírì 30 sí 45, odidi pẹpẹ yìnyín lè ya lulẹ̀ kó bo èèyàn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ọjọ́ bíi mélòó kan sọ́tọ̀, tí wọ́n á máa retí ojú ọjọ́ tó dáa. Ó tọ́, ẹ̀mí èèyàn ni.

Èmi náà dúró dè wọ́n. Dátà mi ni kò dúró. Ti ọ̀sẹ̀ kan ni mo rà. Wọn ò tíì ṣí òkè tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi wọlé lóru pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn ju èyí tí mo lò lọ! Níbo ló wá lọ? Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Gààrí tí mo bá rà ní Òkè-Àgbò, tèmi ni títí n ó fi mu ún tán. Ẹni tó tà á kì í wá kanlẹ̀kùn lóru pé òun fẹ́ bu èyí tó kù padà.

Mo pe iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. “Ẹ má bínú, sà, ẹ lè ra òmíràn.” Òmíràn! Lẹ́yìn tí ìjọba ti gbà wọ́n láyè ní oṣù kìíní 2025 láti fi tó 50 nínú 100 lé owó ìpè àti dátà.

Mo rà á. Olùdíje kan dúró lórí òkè, ó ki ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí. Ìgbà tí àwòrán máa padà, ó ti délẹ̀, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn kan ní kí ló kan ará Ìjẹ̀bú kan yìnyín. Ó kàn mí! Samuel Ikpefan ti sáré síkì fún Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing ní 2022. Ká tiẹ̀ ní bọ́ọ̀lù ni mò ń wò, tàbí ìwàásù, owó mi náà ni.

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ yọ ọjọ́ kúrò lára dátà. Kí ohun tí mo rà máa wà níbẹ̀ títí n ó fi lò ó tán, kí ẹ sì dá èyí tí ẹ gbà lóru ọjọ́ náà padà fún mi.